Ìlà pupa lára ògiri ilé iṣẹ́: báwo la ṣe ń mọ ṣáàtì tó ń ṣọ́ iṣẹ́ dáadáa?

Bí ẹ bá wọ ilé iṣẹ́ kan ní Ṣágámù, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìwé gbàǹgbà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ṣáàtì ìṣọ́ nìyẹn, tí wọ́n ń pè ní control chart lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà mẹ́ta ló gba inú rẹ̀ kọjá láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún: tòkè pupa, tìsàlẹ̀ pupa, tàárín dúdú. Àwọn àmì kéékèèké ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn. Òṣìṣẹ́ mọ̀ pé bí àmì kan bá ti kọjá ìlà pupa, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Wọ́n á pè é, wọ́n á bi í pé kí ló ṣe. Nígbà mìíràn, kò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ á ti máa ṣe ségesège láti àárọ̀, gbogbo àmì á sì wà láàárín ìlà, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjagun, tí wọ́n bá lọ ṣe IT nílé iṣẹ́, ìbéèrè yìí ni wọ́n sábà máa ń gbé bọ̀ wálé. Ta ló fa ìlà yẹn? Kí ló fi mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kó wà? Ìbéèrè náà kì í sì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá nìkan. Ẹni tó ń di gààrí Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá kílò kan-kan fún àwọn ilé ìtajà ńlá l'Ékòó lè bá oníbàárà pàdé tó máa ní kó fi ṣáàtì rẹ̀ han òun.

Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìdí. Ṣáàtì tí a kò yẹ̀ wò dáadáa ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tí kò ṣẹ̀, ó sì ń bo ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ lọ mọ́lẹ̀. Ìwà méjèèjì yìí ṣeé díwọ̀n kí ìwé náà tó dé ara ògiri.

Kí ni ṣáàtì yìí ń ṣọ́ gan-an?

Kò sí iṣẹ́ tó ń jáde bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí ẹni tó mọ gààrí dì jù lọ ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó di ọ̀rá kílò kan-kan, kí ẹ wá gbé wọn sórí ìwọ̀n tó ń ka gíráàmù. Ọ̀kan á jẹ́ 1,008, òmíràn 1,013, òmíràn 1,010. Kò sí ohun tó ṣe sí ọ̀kan tí kò ṣe sí èkejì. Bí gààrí ṣe ń ya wálẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń mì, bí ẹnu ẹ̀rọ ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé, gbogbo wọn ló ń dá díẹ̀díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ìyàtọ̀ ojoojúmọ́. Inú iṣẹ́ náà ló ń gbé, kò sì lè dín kù àfi téèyàn bá tún ọ̀nà iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe: kó ra ẹ̀rọ tó dára jù, kó máa fi asẹ́ tó kúná jù sẹ́ gààrí, tàbí kó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́nà mìíràn.

Ìyàtọ̀ kejì kì í ṣe ara ilé. Skúrúù tó di ẹ̀rọ mú tú. Gààrí tí wọ́n kó dé lónìí rí wúruwùru ju tàná lọ, kò sì ya wálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Omi kán sínú ìwọ̀n, ó wá ń parọ́. Èyí ní ìdí kan pàtó tí èèyàn lè wá kàn, tó sì lè mú kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. A ó pè é ní ìyàtọ̀ àkànṣe.

Iṣẹ́ ṣáàtì ìṣọ́ kò ju pé kó ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún wa. Walter Shewhart, onímọ̀ físíìsì ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ yà á. Ó ń bá ilé iṣẹ́ Western Electric ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò tẹlifóònù. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1924, ó fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ìwé tí kò ju nǹkan bí ojú ewé kan lọ, ó sì ya irú ṣáàtì yìí sínú rẹ̀. Ohun tó wà lára ògiri ní Ṣágámù lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjọ́ yẹn.

Ibo ni wọ́n ti rí ìlà náà?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìjọba ló fi ìlà pupa lélẹ̀, tàbí oníbàárà, tàbí ọ̀gá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tí ìlà máa wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìdìgààrí kan, ká máa tẹ̀ lé e títí dé òpin ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní wọ́n ti ń wọn ọ̀rá wọn fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí kò sí wàhálà, wọ́n sì rí i pé ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1,010. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi gíráàmù 10 lé kílò kan kí oníbàárà má bàa gba ọ̀rá tó fúyẹ́. Ká ní ìyàtọ̀ ojoojúmọ́ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 4. Iye yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní sigma. Ó ń sọ bí ọ̀rá kan ṣe sábà máa ń jìnnà sí ìpíndọ́gba tó.

Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n mú ọ̀rá 4 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n sì fi àmì kan fún ìpíndọ́gba wọn sórí ṣáàtì. Ìpíndọ́gba ọ̀rá 4 kì í jìnnà tó ọ̀rá ẹyọ kan, nítorí èyí tó wúwo á dí ti èyí tó fúyẹ́. Ìdajì ni sigma tirẹ̀, ìyẹn gíráàmù 2. Shewhart ní ká ka sigma mẹ́ta lọ sókè, ká ka mẹ́ta wá sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta 2 jẹ́ 6. Nítorí náà ìlà òkè wà ní 1,016, ìlà ìsàlẹ̀ wà ní 1,004.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Ọ̀rọ̀ owó ni. Wíwá ẹ̀bi tí kò sí ń náni lówó, kíkùnà láti rí ẹ̀bi tó wà náà ń náni lówó. Shewhart rí i lẹ́nu iṣẹ́ pé mẹ́ta kì í jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn gùn wá lẹ́yìn jù.

Ṣé bí gbogbo àmì bá wà láàárín ìlà, ọjà dára nìyẹn?

Rárá o, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń ṣìnà.

Nínú ilé ìdìgààrí wa, bí oníbàárà bá ní òun ò fẹ́ ọ̀rá tí kò tó 1,000, ọ̀rá bíi 6 nínú 1,000 kò ní tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun kò bàjẹ́, tí gbogbo àmì sì wà níbi tó yẹ. Ṣáàtì ò parọ́. Ó ní iṣẹ́ yìí ń lọ bó ṣe máa ń lọ. Bóyá bó ṣe máa ń lọ náà tó fún oníbàárà, ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Bí 6 nínú 1,000 bá pọ̀ jù lójú rẹ̀, ọ̀nà iṣẹ́ ló yẹ kí ọ̀gá yí padà. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ kò lè ṣe é fún un, bó ti wù kó pariwo mọ́ ọn tó.

Èyí tó burú jù ni pé kéèyàn mú òfin oníbàárà tàbí ti ìjọba, kó fi ṣe ìlà pupa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi inú gààrí. Codex, tí ó ń ṣe ìlànà oúnjẹ fún gbogbo àgbáyé, sọ pé omi inú gààrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100. Ká ní ẹnì kan yan gààrí tó gbẹ dáadáa, tí omi inú rẹ̀ máa ń wà ní ìdá 8, tí kì í sì í fi ju ìdá kan ré kọjá ìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó di ìdá 10 àti ààbọ̀. Bó bá jẹ́ 12 ló fà sórí ṣáàtì rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ nǹkan ti ṣẹlẹ̀: ó lè jẹ́ pé iná ìdí agbada kò mú, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé gààrí kúrò lórí iná kó tó gbẹ, ó sì lè jẹ́ pé òjò ti bá àpò rẹ̀ níbi tí wọ́n kó o sí. Ìlà tó bá ti inú iṣẹ́ tirẹ̀ wá ì bá ti ké sí i. Ìlà 12 wulẹ̀ dúró dìgbà tí ọjà bá ti bàjẹ́ tán.

Ṣé kò yẹ ká máa tún ẹ̀rọ ṣe nígbàkigbà tí ìwọ̀n bá yẹ̀?

Ó jọ ìwà ọmọlúàbí, àmọ́ ó ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ká ní òṣìṣẹ́ aláápọn kan wà nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀rá kan jáde ní 1,014. Ó ní ó ti fi 4 pọ̀, ó yí ìdè ẹ̀rọ wálẹ̀ ní gíráàmù 4. Èyí tó tẹ̀ lé e jáde ní 1,003, ó tún yí i sókè ní 7. Bó ṣe ń ṣe é láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ìyàtọ̀ ojoojúmọ́ ló ń lé kiri, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n lè lé mú. Ìṣirò fi hàn pé ẹni tó bá ń ṣe báyìí sí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan á sọ sigma gíráàmù 4 di bíi 5.7. Àwọn ọ̀rá tí kò tó kílò kan á kúrò ní 6 nínú 1,000, wọ́n á di bíi 38. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Àníyàn rere ló bà á jẹ́.

W. Edwards Deming, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ fi ìmọ̀ Shewhart kọ́ àwọn ará Japan ní ọdún 1950, kò dẹ́kun kíkìlọ̀ nípa àṣà yìí títí tó fi kú. Èmi náà rò pé ó yẹ kí ìkìlọ̀ yìí dé etí gbogbo ọ̀gá tó máa ń ní kí wọ́n ṣe nǹkan sí gbogbo àmì tó bá ti kúrò lójú ìlà àárín.

Báwo la ṣe ń díwọ̀n ṣáàtì fúnra rẹ̀?

Ẹ wo ọlọ́dẹ tí àdúgbò gbà láti máa ṣọ́ wọn lóru. Nǹkan méjì la fi ń mọ̀ bóyá owó oṣù rẹ̀ tọ́ sí i. Èkíní, ìgbà mélòó ló ń fun fèrè nígbà tí kò sí olè kankan? Èkejì, bí olè bá wọlé lóòótọ́, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kó tó fun ún? Ẹni tí kì í fun fèrè rárá kò dá ẹnì kankan lóró, olè sì lè kó gbogbo àdúgbò lọ. Ẹni tó ń fun ún ní gbogbo ìṣẹ́jú kò ní pàdánù olè kankan, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí kò fi ní sí ẹni tó ń dìde mọ́.

Bí a ṣe ń yẹ ṣáàtì wò náà nìyẹn. A máa ń bi í pé: bí nǹkan kan ò bá ṣe iṣẹ́, àmì mélòó, ní ìpíndọ́gba, ló máa kọjá kó tó fun fèrè asán? A fẹ́ kí iye yìí pọ̀. A tún máa ń bi í pé: bí iṣẹ́ bá yẹ̀ ní ìwọ̀n báyìí-báyìí, àmì mélòó ló máa kọjá kó tó fun fèrè òótọ́? A fẹ́ kí eléyìí kéré. Ẹni tó bá sọ pé ṣáàtì òun dára láìmọ iye méjèèjì kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká bi ṣáàtì gààrí wa. Bí ìlà bá wà ní sigma mẹ́ta, fèrè asán jẹ́ bí ẹyọ kan nínú àmì 370. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wákàtí 8 lójúmọ́ á gbọ́ fèrè asán ní bí ọjọ́ iṣẹ́ 46 sí ara wọn. Ìyẹn ṣeé fara dà.

Ká wá ní ẹ̀rọ yẹ̀ ní gíráàmù 6, tí ìpíndọ́gba wá sí 1,004. Bíi wákàtí 2 ni ṣáàtì máa fi mọ̀. Ó dára. Bó bá yẹ̀ ní gíráàmù 4, tó wá sí 1,006, á gbà á tó wákàtí 6, èyí tí ó fẹ́ẹ̀ tó odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ní gbogbo àkókò náà, ọ̀rá tí kò tó kílò kan ti pọ̀ láti 6 nínú 1,000 dé 67. Bó bá sì jẹ́ gíráàmù 2 péré ló fi yẹ̀, tó wà ní 1,008? Wákàtí 44 ni. Ó ju ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lọ, ọ̀rá 23 nínú 1,000 sì ń jáde láìtó, bẹ́ẹ̀ gbogbo àmì lè wà láàárín ìlà pupa látòwúrọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àìsí àmì níta ìlà kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan. Ṣáàtì yìí mọ olè ńlá mú, ó sì ń jẹ́ kí olè kékeré máa wọlé jáde.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìpíndọ́gba ni 370. Kì í ṣe pé á dúró títí di àmì 370 kó tó fun fèrè. Ìgbà kan nínú bíi mẹ́rin, fèrè asán á dún láàárín wákàtí 100 àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ṣáàtì kọ́ lónìí tó sì gbọ́ fèrè lọ́la kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ sọ pé ṣáàtì náà kò dára. Kó kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀rọ.

Ṣé ká wá sún ìlà mọ́ra kó lè tètè mọ̀?

Ó máa ń wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká sún un sí sigma méjì, kí ìlà wà ní 1,006 àti 1,014. Gíráàmù 2 tó ń gba wákàtí 44 tẹ́lẹ̀ á di bíi wákàtí 6. Gíráàmù 4 á di wákàtí 2. Inú èèyàn á dùn. Ṣùgbọ́n fèrè asán ti kúrò ní ẹyọ kan nínú 370, ó ti di ẹyọ kan nínú 22. Ní bí ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á máa dá iṣẹ́ dúró láti wá ohun tí kò sọnù. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n nínú ilé iṣẹ́, ọdẹ tó ń fun fèrè láìnídìí ló máa ń di ajá létí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òṣìṣẹ́ á ti kọ́ láti máa fi àmì sórí ìwé láìwo ibi tó bọ́ sí.

Ọ̀nà kejì ni pé ká má fọwọ́ kan ìlà, ká fi òfin kún òfin. Ní 1956, ilé iṣẹ́ Western Electric tẹ irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde: kí a dìde bí àmì 2 nínú 3 bá kọjá sigma méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, bí 4 nínú 5 bá kọjá sigma kan ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tàbí bí 8 bá tò tẹ̀ léra wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan ìlà àárín. Òfin wọ̀nyí wúlò, wọ́n sì ń tètè rí ìyípadà kékeré. Kọ̀ǹpútà lè tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe. Wọn kò mọ̀ pé bí wọ́n bá tan òfin mẹ́ta yìí pọ̀ mọ́ ti ìlà sigma mẹ́ta, fèrè asán á di ẹyọ kan nínú bíi 92. Èmi á ní kí ẹ mú òfin kan tàbí méjì tó bá àrùn tó ń ṣe ẹ̀rọ yín mu, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ọ̀nà kẹta, èyí tí mo fẹ́ràn jù bí agbára bá ká a, ni pé ká wọn ọ̀rá púpọ̀ sí i. Bí ọ̀rá bá di 9 dípò 4, sigma ìpíndọ́gba á sọ̀ kalẹ̀ láti 2 sí gíráàmù 1.33, ìlà sigma mẹ́ta á sì bọ́ sí 1,006 àti 1,014. Ibi tí ìlà sigma méjì wà lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, ṣùgbọ́n fèrè asán ṣì jẹ́ ẹyọ kan nínú 370. Gíráàmù 4 di wákàtí 2, gíráàmù 2 di wákàtí 15. Kìkì pé wíwọ̀n ọ̀rá 9 ní gbogbo wákàtí náà ń gba àkókò ẹnì kan.

Kí la lè ṣe sí ìyípadà kékeré tó ń yọ́ wọlé?

Ṣáàtì Shewhart ní àbùkù kan: kì í rántí. Ó wo àmì òní, ó gbàgbé tàná. Ní 1954, E. S. Page ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀nà kan jáde tó ń rántí. CUSUM ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà lè ba èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n àròpọ̀ àti àyọkúrò lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. 1,010 la fẹ́. Wákàtí kìíní mú 1,007 wá. Ó fi 3 dín. A foríji í ní 1, ó ku 2, a kọ 2 sílẹ̀. Wákàtí kejì mú 1,008 wá, ó fi 2 dín, a foríji í ní 1, ó ku 1. Àpapọ̀ di 3. Wákàtí kẹta mú 1,010 wá, kò dín rárá, ìforíjì náà sì mú 1 kúrò lára àpapọ̀, ó padà sí 2. Bí àpapọ̀ bá fẹ́ lọ sísàlẹ̀ òdo, 0 la máa kọ. Ìgbà tó bá ju 10 lọ, fèrè dún. A tún ń kọ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún èyí tó bá ń pọ̀ jù.

Ìforíjì gíráàmù 1 jẹ́ ìdajì sigma ìpíndọ́gba wa, 10 sì jẹ́ sigma márùn-ún. Pẹ̀lú iye méjèèjì yìí, gíráàmù 2 tó gba Shewhart ní wákàtí 44 á gba bíi 10 péré. Gíráàmù 4 á gba 4. Fèrè asán pàápàá dín kù, ó di ẹyọ kan nínú bíi 465. Lórí ìyípadà ńlá nìkan ló ti rẹ̀yìn díẹ̀: gíráàmù 6 á gbà á ní bíi wákàtí 2 àti ààbọ̀, Shewhart á sì lò tó 2. Àǹfààní mìíràn tún wà tí mo ka sí gan-an. Bí fèrè bá dún, ẹ fojú wá wákàtí tí àpapọ̀ kẹ́yìn wà ní 0. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn ibẹ̀ gan-an ni nǹkan yí padà, ẹ ó sì mọ irú gààrí tí ẹ ń dì nígbà náà àti ẹni tí ẹ lè bi léèrè.

EWMA, tí S. W. Roberts mú jáde ní 1959, ń rántí lọ́nà mìíràn: àmì òní ló ń ka kún jù, tàná kéré díẹ̀, tìjẹta kéré sí i. Èrè tó wà nínú rẹ̀ sún mọ́ ti CUSUM. Bí owó àti àkókò bá gbà, ẹ lo Shewhart fún olè ńlá, kí ẹ fi ọ̀kan nínú méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún olè kékeré.

Kí ló máa ń ba ṣáàtì jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Gbogbo iye tí mo kà sílẹ̀ yìí dúró lórí pé a mọ 1,010 àti gíráàmù 4 dájú. Bí a bá ṣì wọ́n, gbogbo ìlérí náà ti wó.

Àwọn kan á wọn ọ̀rá fún wákàtí 5, wọ́n á fa ìlà. Ó kéré jù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbà níyànjú ni àmì 20 sí 25 ó kéré tán, bó bá sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn. Kí wọ́n sì wò wọ́n dáadáa: bí ẹ̀rọ bá ti bàjẹ́ lọ́jọ́ kan nínú wọn, tí a sì mọ ohun tó ṣe é, kí a yọ ọjọ́ náà kúrò. Bí a bá fi í sí i, ìlà á fẹ̀, á sì gba ìbàjẹ́ náà mọ́ra bí ọmọ ilé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù pẹ̀lú Excel ni pé kéèyàn da gbogbo ọ̀rá oṣù kan pọ̀, kó ní kí kọ̀ǹpútà wá sigma wọn. Bí ìpíndọ́gba bá ti ń lọ sókè sódò láàárín oṣù náà, ìyàtọ̀ àkànṣe á ti wọ inú sigma, ìlà á sì fẹ̀ débi pé kò ní rí nǹkan kan mọ́. Inú ọ̀rá 4 tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ ti wá sigma, nítorí níbẹ̀, ìyàtọ̀ ojoojúmọ́ nìkan ló ráyè wọlé.

Ìyẹn náà ló fà á tí kò fi yẹ kí ọ̀rá 4 náà wá láti ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin. Bí ẹ̀rọ kan bá ń dì í wúwo, tí èkejì ń dì í fúyẹ́, ìyàtọ̀ àárín wọn ló máa di sigma, gbogbo àmì á sì wá rọ̀ mọ́ ìlà àárín pẹ́kípẹ́kí. Ṣáàtì tó rí bẹ́ẹ̀ máa ń dùn ún wò, ọ̀gá á sì máa fi han àlejò. Ó yẹ kó bà á lẹ́rù.

Ìpíndọ́gba nìkan kò sì tó. Bí ọ̀rá kan bá jẹ́ 990, tí èkejì jẹ́ 1,030, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 1,010 géérégé. Nítorí náà, ẹ fi ṣáàtì kejì sísàlẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó ń wo àlàfo láàárín ọ̀rá tó wúwo jù àti èyí tó fúyẹ́ jù nínú mẹ́rin. Nínú iṣẹ́ wa, àlàfo náà máa ń jẹ́ bíi gíráàmù 8 ní ìpíndọ́gba, ìlà òkè rẹ̀ á sì wà ní bíi 19. Ìsàlẹ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Bí àlàfo bá ti fẹ̀, ìlà orí ṣáàtì òkè kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Ọ̀kan kù, ó sì kan àwọn tó ń wọn omi inú gààrí ju àwọn tó ń wọn ọ̀rá lọ. Ìṣirò fèrè asán gbà pé àmì kan kò fa èkejì. Bí ẹ bá bu gààrí láti inú agbada kan náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, ìwọ̀n ìsinsìnyí á jọ ti àkọ́kọ́, nítorí gààrí kan náà ni. Àlàfo á kéré, ìlà á há, fèrè asán á sì máa dún lemọ́lemọ́, láìka 370 yòówù tí ìwé kọ. Ẹ máa bu ú láti agbada sí agbada, kí ẹ ka agbada kọ̀ọ̀kan sí àmì kan.

Kí lẹ máa bèèrè bí ẹ bá dúró níwájú ṣáàtì kan?

Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n ṣírò ìlà, àti láti inú ìwọ̀n mélòó. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé oníbàárà ló fún wọn, ẹ mọ̀ pé ṣáàtì ìṣọ́ kọ́ lẹ ń wò. Ẹ bi wọ́n pé ìyípadà tó kéré jù wo ló lè dá oníbàárà lóró, kí wọ́n sì sọ iye wákàtí tí ṣáàtì máa fi rí i. Bí wọ́n bá ní wákàtí 44, tí ọkọ̀ sì ń kó ọjà lọ sí Èkó ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, ọjà tó ní àbùkù á ti dé orí àtẹ kí fèrè tó dún.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí ìwé náà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àmì tó jáde síta: aago tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. "A wo ìwọ̀n àti ẹnu ẹ̀rọ, a kò rí nǹkan kan" jẹ́ ìdáhùn tó pé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni jìyà nítorí pé ó kọ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń fìyà jẹ ẹni tó kọ ọ́, wọn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí ìwọ̀n padà kí àmì lè wọlé, ṣáàtì náà kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ka àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn. Bí ẹ bá fi àmì 1,000 sórí ìwé, tí èyí tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀ jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìlà yín wà níbi tó yẹ. Bó bá jẹ́ 30, ẹ padà lọ wọn ọ̀rá tuntun, kí ẹ ṣírò sigma yín látìbẹ̀rẹ̀.